Èrò àwọn àjèjì nípa ìṣèlú, òfin àti ìgbé-ayé ní Tháílàndì

Èrò àwọn àjèjì nípa ìṣèlú, òfin àti ìgbé-ayé ní Tháílàndì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ti ń fa àríyànjiyàn láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí a ṣì ń pe orílẹ̀-èdè náà ní Siam. Tháílàndì wà ní Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà, Bangkok sì ni olú-ìlú rẹ̀. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè agbègbè náà, òun nìkan ni àwọn ará Yúróòpù kò sọ di ilẹ̀ àmúsìn. Síbẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí ohun tí àwọn àjèjì ń sọ nípa rẹ̀ ti ń kan bí ó ṣe ń ṣòfin àti bí ó ṣe ń ṣèjọba. Ní ọdún 2019, nǹkan bí 40 mílíọ̀nù arìnrìn-àjò ló wọ orílẹ̀-èdè náà. Ní 2024, wọ́n tó 35 mílíọ̀nù. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, àwọn àjèjì tó fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé wà: olùkọ́, oníṣòwò, akọ̀ròyìn, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù méjì láti Myanmar, Kàmbódíà àti Laos.

Gbogbo wọn ló ní èrò, ṣùgbọ́n èrò wọn kò tẹ̀wọ̀n bákan náà. Tí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, a ó rí i pé ìmọ̀ tí àjèjì ní nípa Tháílàndì kọ́ ló ń pinnu bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ṣe lágbára tó. Ìwé ìrìnnà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti owó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀, pẹ̀lú bóyá ó ṣì fẹ́ máa gbé níbẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti sọ̀rọ̀ tán.

Ìgbà tí èrò àjèjì di òfin

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1855, ìjọba Ọba Mongkut (Rama Kẹrin) bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn kan tí a fi orúkọ John Bowring, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, pè. Àdéhùn náà fi owó-orí ọjà tó ń wọlé sí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tún sọ pé àwọn ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò ní jẹ́jọ́ níwájú adájọ́ Siam mọ́. Aṣojú ìjọba wọn tó wà ní Bangkok ni yóò máa gbọ́ ẹjọ́ wọn. Amẹ́ríkà àti Faransé gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1856, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Ìdí tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé òfin Siam le jù, àti pé ilé-ẹjọ́ rẹ̀ kò ṣe é fọkàn tán. Èrò àjèjì ni èyí, ṣùgbọ́n èrò tí ọkọ̀ ogun àti òwò ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Ọba Chulalongkorn (Rama Karùn-ún), tó jọba láti 1868 sí 1910, rí i pé kò sí bí Siam ṣe lè gba ẹ̀tọ́ yìí padà àfi tí òfin rẹ̀ bá jọ ti Yúróòpù. Ó gba àwọn amòfin àjèjì sí iṣẹ́. Lára wọn ni Gustave Rolin-Jaequemyns láti Bẹ́ljíọ̀m, Tokichi Masao láti Jàpáànù àti Georges Padoux láti Faransé. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tuntun jáde ní ọdún 1908. Ní 1909, Siam fi ìpínlẹ̀ mẹ́rin ní gúúsù, ìyẹn Kedah, Kelantan, Terengganu àti Perlis, lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ara ohun tó sì gbà padà ni àṣẹ láti máa dá ẹjọ́ àwọn ọmọ Éṣíà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àárín ọdún 1937 sí 1938 ni àdéhùn ìkẹyìn tó fòpin sí ọ̀rọ̀ náà pátápátá wáyé.

Ìrántí yìí kò tíì parẹ́. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba Tháílàndì kan bá sọ lónìí pé kí àwọn àjèjì má dá sí ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ àwọn, kì í ṣe ìgbéraga lásán ló ń fi hàn. Ó wá láti orílẹ̀-èdè tó ti fi ilẹ̀ ra ẹ̀tọ́ láti dájọ́ ní ilé ara rẹ̀ rí.

Abala 112

Òfin tí àwọn àjèjì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jù lọ ni Abala 112 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn. Ó sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ba ọba, olorì, àrẹ̀mọ ọba tàbí adelé ọba lórúkọ jẹ́, tàbí tó bú wọn, tàbí tó halẹ̀ mọ́ wọn, yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sí 15. Orí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan ni ìyà náà wà, nítorí náà ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sórí íntánẹ́ẹ̀tì lè gba ìdájọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kò sì di dandan kí ààfin pe ẹjọ́. Ẹnikẹ́ni ló lè gbé ẹ̀sùn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kí ó tó di ọdún 1976, ìyà náà kò ju ọdún 7 lọ. Àwọn ológun tó gbàjọba ní oṣù kẹwàá ọdún náà ló fi kún un.

Àwọn àjèjì díẹ̀ ti bọ́ sí abẹ́ òfin yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2007, ilé-ẹjọ́ ní Chiang Mai rán ọmọ Switzerland kan lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 nítorí pé ó da ọ̀dà sí àwòrán ọba. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, ọba ti foríjì í, wọ́n sì ti dá a padà sílé. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, Harry Nicolaides, òǹkọ̀wé láti Ọsirélíà, gba ẹ̀wọ̀n ọdún 3 nítorí ìpínrọ̀ kúkúrú kan nínú ìwé ìtàn àròsọ tó kọ, tí ẹ̀dà rẹ̀ kò ju 50 lọ. Òun náà gba ìdáríjì ní oṣù kejì ọdún náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2011, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí wọ́n bí ní Tháílàndì gba ẹ̀wọ̀n ọdún méjì àbọ̀, nítorí pé ó túmọ̀ apá kan nínú ìwé tí Paul Handley kọ nípa ọba sí èdè Thai, nígbà tó ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ìdáríjì tirẹ̀ kò dé títí di oṣù keje ọdún 2012.

Kí a fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin ọmọ Tháílàndì kan tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ó gba ẹ̀wọ̀n ọdún 87, tí wọ́n gé sí ọdún 43 àbọ̀ nítorí pé ó jẹ́wọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó pín ohùn tí ẹlòmíràn gbà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni ìdáríjì ọba tó mú un jáde dé. Òfin kan náà ló mú gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Yúróòpù lò lẹ́yìn ìdájọ́, ẹni tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ méjì lo oṣù méje, ọmọ ilẹ̀ gan-an sì lo ọdún mẹ́rin ààbọ̀. Láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ti ṣe ìwọ́de ní ọdún 2020, àwọn tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn Abala 112 kàn ti lé ní 270, àwọn ọmọ Tháílàndì ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn.

Ọba Bhumibol Adulyadej fúnra rẹ̀ sọ nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2005 pé ọba náà lè ṣàṣìṣe, àti pé kò yẹ kí a ka títọ́ka sí àṣìṣe rẹ̀ sí èèwọ̀. Òfin náà kò yí padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n mú Paul Chambers, onímọ̀ láti Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Naresuan ní ìlú Phitsanulok. Ẹ̀ka kan nínú iléeṣẹ́ ológun ilẹ̀ ló fi ẹ̀sùn Abala 112 kàn án, nítorí ìkéde ìpàdé kan tó jáde ní Singapore, tó sì sọ pé òun kọ́ ni òun kọ ọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ síta. Ní oṣù karùn-ún, agbẹjọ́rò ìjọba fi ẹjọ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀mọ̀wé náà, wọ́n sì ti gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú rẹ̀. Ó kúrò ní orílẹ̀-èdè tó ti lo nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún nínú rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ológun ní ìṣèlú Tháílàndì ni ó fi ọdún wọ̀nyẹn ṣe ìwádìí lé lórí.

Ìbanilórúkọjẹ́

Abala 112 ló gbajúmọ̀, àmọ́ òfin ìbanilórúkọjẹ́ ló sún mọ́ àjèjì tó ń gbé ìgbé-ayé tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹjọ́ láàárín ẹni méjì ni ìbanilórúkọjẹ́. Ní Tháílàndì, ìwà ọ̀daràn ni: Abala 326 fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí i, Abala 328 sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sí èyí tí a bá tẹ̀ jáde. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2007 tún wà lẹ́yìn wọn.

Ní ọdún 2020, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Tháílàndì kọ ọ̀rọ̀ àìdùn nípa ilé-ìtura kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn aáwọ̀ lórí ìgò ọtí tó gbé wọlé. Ilé-ìtura náà pe ọlọ́pàá. Ó sun àtìmọ́lé, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sì ń wò ó lójú kí ó tó tọrọ àforíjì, tí ẹjọ́ náà fi parí. Ọ̀pọ̀ àjèjì tó gbọ́ ìtàn yìí kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà: kí olúwarẹ̀ san owó rẹ̀, kí ó sì máa lọ.

Ẹjọ́ tó gba àkókò jù lọ ni ti Andy Hall, ajìjàgbara ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣe ìwádìí fún ẹgbẹ́ Finnwatch ti Fínlándì, tó jáde ní ọdún 2013, nípa bí wọ́n ṣe ń lo àwọn òṣìṣẹ́ láti Myanmar ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe èso ọ̀pẹ òyìnbó. Ilé iṣẹ́ náà pè é lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta fún un ṣùgbọ́n wọn kò rán an lọ. Ó kúrò ní Tháílàndì ní ìparí ọdún náà. Ọdún 2020 ni ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ tó dá a láre. Bákan náà, ọmọ-ogun ojú omi gbé Alan Morison, ọmọ Ọsirélíà, àti akọ̀ròyìn Tháílàndì Chutima Sidasathian lọ sí ilé-ẹjọ́, nítorí pé ìwé ìròyìn wọn Phuketwan tún ìpínrọ̀ kan láti Reuters tẹ̀, nípa àwọn Rohingya. Ilé-ẹjọ́ Phuket dá wọn láre ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015.

Ìdáláre wọ̀nyí jẹ́ ohun ìyìn fún àwọn adájọ́ Tháílàndì, àwọn àjèjì kan sì ń gbàgbé láti sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó lo ọdún méjì tàbí méje lẹ́nu ẹjọ́ ti jìyà kí ìdájọ́ tó dé.

Ìṣèlú

Láti ìgbà tí ìjọba alágbára ọba nìkan ti parí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1932, Tháílàndì ti rí ọ̀pọ̀ ìfipágbàjọba. Ti ọdún 2006 àti 2014 ló gbẹ̀yìn. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 2017 ni ogún nínú irú rẹ̀. Nínú ìdìbò ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹgbẹ́ Move Forward gba ìjókòó 151 nínú 500, iye tó pọ̀ jù lọ, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin àgbà tí àwọn ológun yàn kò jẹ́ kí olórí rẹ̀, Pita Limjaroenrat, di Alákòóso Àgbà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ tú ẹgbẹ́ náà ká nítorí ìpolongo rẹ̀ láti tún Abala 112 ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà yọ Alákòóso Àgbà Srettha Thavisin. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025, ó yọ Paetongtarn Shinawatra tó rọ́pò rẹ̀. Anutin Charnvirakul gba ipò náà ní oṣù kẹsàn-án.

Àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè sọ̀rọ̀ lórí ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Lẹ́yìn ìfipágbàjọba 2014, Amẹ́ríkà dá apá kan nínú ìrànwọ́ ológun dúró, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì dá ìbuwọ́lù àdéhùn àjọṣe dúró. Ṣáínà ní tirẹ̀ kò yí àjọṣe rẹ̀ padà. Ní ìparí ọdún 2015, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí aṣojú Amẹ́ríkà, Glyn Davies, nítorí pé ó sọ pé ìdájọ́ Abala 112 ti gùn jù. Kò sí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde, nítorí òfin àgbáyé ń dáàbò bo aṣojú orílẹ̀-èdè.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2025, Tháílàndì dá 40 ará Uyghur padà sí Ṣáínà. Amẹ́ríkà fi òfin de ìwé àṣẹ ìwọ̀lú fún àwọn òṣìṣẹ́ Tháílàndì kan, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Yúróòpù sì sọ pé kí wọ́n lo ìjíròrò lórí òwò láti béèrè àtúnṣe òfin, títí kan Abala 112. Nínú èyí, ọ̀nà tí ọdún 1855 gbà tún hàn: èrò nípa òfin àti àdéhùn òwò jọ wà lórí tábìlì kan náà.

Àwọn ọmọ Tháílàndì fúnra wọn kì í dúró lẹ́yìn nínú èyí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn olùwọ́de kó lẹ́tà lọ sí ilé aṣojú Jámánì ní Bangkok, láti béèrè bóyá ọba ń ṣe ètò ìjọba láti ilẹ̀ Jámánì. Lọ́jọ́ kan náà, àwọn olólùfẹ́ ọba kó lẹ́tà tiwọn lọ síbẹ̀. Ìhà méjèèjì ló mọ̀ pé ohun tí àjèjì bá rò lè ṣe ẹnìkan láǹfààní.

Ìgbé-ayé ojoojúmọ́

Lẹ́nu ọ̀pọ̀ àjèjì tó ń gbé ní Tháílàndì, ìyìn ló ń ṣáájú ẹ̀sùn. Wọ́n ń yin oúnjẹ rẹ̀, ilé ìwòsàn rẹ̀, àti sùúrù àwọn ènìyàn rẹ̀ tí kì í fẹ́ pariwo mọ́ ara wọn ní gbangba. Ìkíni wai, níbi tí a ti ń pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ tí a sì ń tẹrí ba, tí ọwọ́ á sì ga tó bí ipò ẹni tí a ń kí bá ṣe tó, kò ní ṣàjèjì sí Yorùbá tó mọ ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, orin orílẹ̀-èdè ń dún ní gbangba, àwọn ènìyàn a sì dúró jẹ́ẹ́. Láti ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2025, òfin gba ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà.

Ẹ̀sùn wọn sábà máa ń jẹ́ lórí ìwé àti owó. Àjèjì tó bá fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ibi ìsinmi ọjọ́ ogbó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 50, kí ó sì ní 800,000 baht ní ilé ìfowópamọ́ tàbí kí ó máa gba 65,000 baht lóṣù. Gbogbo ọjọ́ 90 ni yóò máa fi ibi tó ń gbé tó ìjọba létí. Onílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ láàárín wákàtí 24 tó bá dé. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1954 kò gbà kí ó ra ilẹ̀, àfi ní ọ̀nà díẹ̀. Nínú ilé fúláàtì kan, ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún ni ohun tí gbogbo àjèjì lè ní pọ̀. Àwọn tí ìjọba ń fún ní àṣẹ ìgbé títí ayé kò ju 100 lọ́dún láti orílẹ̀-èdè kan. Ní ọgbà ẹranko ìgbẹ́ Khao Yai, 40 baht ni ọmọ ilẹ̀ ń san, àjèjì sì ń san 400.

Ìhà méjì ni àwọn àjèjì pín sí lórí èyí. Àwọn kan sọ pé ìyàsọ́tọ̀ ni, pàápàá fún ẹni tó ti sanwó orí fún ogún ọdún. Àwọn mìíràn sọ pé orílẹ̀-èdè tó mọ bí àwọn olówó òkèèrè ṣe ń ra ilẹ̀ àwọn tálákà kò jẹ̀bi tó bá ti ilẹ̀kùn. Èrò kejì yìí lágbára. Ẹni tó rí iye tí ilé ń gbà ní etíkun Phuket kò ní bi àwọn ará ibẹ̀ pé kí ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Àwọn àjèjì tí a kì í bi léèrè

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, “àjèjì” túmọ̀ sí òyìnbó, tí àwọn Thai ń pè ní farang. Àmọ́, àwọn òṣìṣẹ́ láti Myanmar, Kàmbódíà àti Laos ló pọ̀ jù nínú àwọn àjèjì tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn ló ń kọ́lé ní Bangkok, tí wọ́n ń pẹja, tí wọ́n ń rọ́bà, tí wọ́n sì ń tọ́jú ọmọ olówó. Wọ́n mọ ọlọ́pàá àti ọ̀gá iṣẹ́ Tháílàndì ju ẹnikẹ́ni tó ń kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Òfin àjọṣe òṣìṣẹ́ ti ọdún 1975 gbà kí wọ́n wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n dá a sílẹ̀ tàbí kí wọ́n jẹ́ olórí nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ èrò wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, lẹ́yìn ìfipágbàjọba, ó lé ní 200,000 ọmọ Kàmbódíà tó sá padà sílé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nítorí ìròyìn pé ìjọba yóò mú wọn. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ààlà orílẹ̀-èdè méjèèjì ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n tún kó ẹrù wọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohùn wọn dé etí ayé nígbà tí ẹlòmíràn bá gbé e. Ní ọdún 2015, àwọn akọ̀ròyìn Associated Press tú àṣírí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń lò bí ẹrú nínú òwò ẹja tó so mọ́ Tháílàndì. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti kìlọ̀ pé òun lè dẹ́kun ríra ẹja rẹ̀ nítorí ìpẹja tí kò bófin mu. Ìjọba tún òfin ìpẹja ṣe, Yúróòpù gbé ìkìlọ̀ rẹ̀ kúrò ní oṣù kìíní ọdún 2019, ní oṣù yìí kan náà sì ni Tháílàndì fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ apẹja, tó fi di àkọ́kọ́ ní Éṣíà. Ẹ̀rí àwọn apẹja ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà Yúróòpù ló jẹ́ kí a gbọ́ ọ.

Àgbéyẹ̀wò

Èsì tí àwọn alátìlẹ́yìn ìjọba máa ń fún àjèjì ni pé kò mọ khwam pen thai, ìyẹn jíjẹ́ ọmọ Thai. Ó jọ òwe Yorùbá tó sọ pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àjèjì kò gbọ́ èdè náà, wọn kò sì mọ̀ pé ìfẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní sí Ọba Bhumibol kì í ṣe ti ìbẹ̀rù. Èsì náà sì tún bo nǹkan mọ́lẹ̀: ọmọ ilẹ̀ tó sọ ohun kan náà kò gba èsì, ẹ̀wọ̀n ló ń gbà. Bákan náà, ọ̀mọ̀wé Chambers kì í ṣe àlejò tí kò ríran. Nítorí pé ó ríran ni wọ́n ṣe fi ẹ̀sùn kàn án.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa béèrè kọ́ ni bóyá àjèjì ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ nípa Tháílàndì. Ohun tó yẹ kí a wò ni ẹni tó lè sọ̀rọ̀ láìsan nǹkan kan. Arìnrìn-àjò tó ń lọ lọ́la lè sọ ohun tó fẹ́, ìjọba òkèèrè sì lè sọ ọ́ tòun ti ìwé òwò lọ́wọ́. Olùkọ́ tó ti fẹ́ ìyàwó níbẹ̀ kì í sọ gbogbo ohun tó mọ̀, apẹja láti Myanmar kì í sì í sọ̀rọ̀ rárá. Bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn àjèjì rò nípa Tháílàndì, àwọn méjì ìkẹyìn yìí ni kí ó kọ́kọ́ wá bi léèrè, kí ó sì fi orúkọ wọn pa mọ́.